Ẹ Ka Orí Bùlọ́ǹ Kí Ẹ Tó Rà Á

Mo fẹ́ sọ fún yín bí irin kékeré méjì ṣe ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní ọdún 1996.

Awakọ̀ ni mí ní Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41. Ọkọ̀ Peugeot 504 ni mò ń wà nígbà náà. Ní 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Láti 1975, wọ́n tún ń tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà. Tèmi ti gbó, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ilé mi.

Nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì máa ń wá gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà. Ọ̀sẹ̀ náà ni àwa awakọ̀ máa ń rówó jù. Lọ́dún yẹn, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀ mọ́ epo nínú ẹ́ńjìnì mi. Mẹkaníìkì tú u palẹ̀. Ó rí i pé méjì nínú àwọn bùlọ́ǹ tó de ìdérí ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ ti já. Bùlọ́ǹ yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bóòtì.

Mẹkaníìkì kọ nọ́ńbà sí ìwé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí Bohicon. Irú èyí gan-an ni kí ẹ rà."

N kò mọ̀wé nígbà náà, ojú sì tì mí láti sọ. Mo ki ìwé náà bọ àpò. Ní ọjà, ẹni tó ń ta irin bi mí pé, "Nọ́ńbà wo?" Mo ní kí ó ṣáà fún mi ní èyí tó tó ìka ọwọ́ mi. Ó fún mi ní méjì. Wọ́n ń dán, owó wọn kò sì pọ̀. Inú mi dùn.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé. Ojú ń kán mi. Mo ní kí mẹkaníìkì dè é lóru yẹn. Àtùpà ló fi ríran. Bùlọ́ǹ náà wọ ihò, ó sì fún wọn le.

Ní ọjọ́ àdúrà, mo gbé èrò láti Bohicon. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé Ìdáàṣà, èéfín bo iwájú ọkọ̀. Bùlọ́ǹ tuntun ti fà gùn, ìdérí ẹ́ńjìnì ti gbé sókè, omi gbígbóná sì ń tú jáde. Mo dá owó èrò padà. Ìyá arúgbó kan wà nínú wọn. Mo dúró tì í nínú oòrùn títí ọkọ̀ mìíràn fi gbé e. N kò rí iṣẹ́ ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà.

Mẹkaníìkì gbé bùlọ́ǹ àtijọ́ ti tuntun. Ó ní, "Ẹ wo orí wọn." 10.9 ni wọ́n kọ sórí ti àtijọ́. 4.6 ni wọ́n kọ sórí ti tuntun. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí òun kò wò wọ́n dáadáa. Mo wá jẹ́wọ́ pé n kò mọ̀wé. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ ni, ǹ bá bá yín lọ."

Ohun tó kọ́ mi nìyí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ agbára irin. Irin 4.6 tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 1, tí ó sì nípọn ní mìlímítà 1, lè gbé nǹkan bíi kílò 40 kí ó tó já. Irin 8.8 lè gbé nǹkan bíi 80. Irin 10.9 lè gbé nǹkan bíi 100. Nọ́ńbà kejì ń sọ ìgbà tí irin yóò fà tí kò ní padà sípò mọ́. 9 túmọ̀ sí pé yóò dúró títí dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ìlà 3 tàbí 6 lórí bùlọ́ǹ dípò nọ́ńbà, íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ti Peugeot.

Ẹ tún wo eyín rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká. Bùlọ́ǹ méjì lè nípọn ní mìlímítà 10, kí eyín ọ̀kan jìnnà síra ní 1.5, kí ti èkejì jẹ́ 1.25. Ẹ fi eyín àtijọ́ kan eyín tuntun, kí ẹ gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín wọn, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i wọlé, tó lọ díẹ̀ tó sì há, ẹ má fi sípánà fipá mú un. Yóò ba ihò jẹ́.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún náà, mo forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ìwé ní alẹ́. Lónìí, wọn kò ṣe 504 mọ́. Bí mo bá ń wá bùlọ́ǹ rẹ̀, mo máa ń mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sí Kútọnu, èmi fúnra mi ni mo sì ń ka orí rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bùlọ́ǹ lè jọ bùlọ́ǹ, kí agbára wọn má dọ́gba. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.