Ọmọ Mi Fẹ́ Di Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọkùnrin nílé ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ orúkọ Anthony Joshua títí ó fi sú yín. Ọmọ Ṣàgámù ni, Olúwafẹ́mi wà lára orúkọ rẹ̀, Watford ni wọ́n sì bí i sí. Nígbà tó gba wúrà níbi Òlíńpíìkì ọdún 2012, èmi náà hó yèè ní pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ mi lẹ́yìn, n kò tíì já a lẹ́nu ọmú. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí, òun náà sì fẹ́ di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò.

Kí n sọ òtítọ́, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti ṣe é lóore. Alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló fi ń lọ sí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n á fo okùn títí òógùn á fi bò wọ́n, wọ́n á máa kan àpò ńlá tí wọ́n so rọ̀ ní ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ tí mo máa ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ti ń fúnra rẹ̀ jí. Kóòṣì wọn kì í gba ìsọkúsọ. Ẹni tó bá bú ẹlòmíràn, ilé ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí kóòṣì ní ó ti tó gbé lọ sí ìdíje. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni yóò máa wá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi wà lára rẹ̀, yóò sì fi kílò méjì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ro ẹ̀bà, mo se ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn. Kò fọwọ́ kàn án. Omi pàápàá, ó kàn fi yọ ẹnu ni, ó tu ú dànù. Ó wọ ọ̀rá tí a fi ń kó ilẹ̀ dànù sábẹ́ aṣọ, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn kí ó lè làágùn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tí àìtó omi lè ṣe fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ká má tíì sọ pé kí wọ́n tún máa kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ lórí.

Bàbá rẹ̀ ní ọkùnrin gbọ́dọ̀ le, pé àwọn ọmọ Kúbà ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò purọ́. Fíìmù kan wà, Sons of Cuba, tó jáde ní 2009: àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní Havana, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí. Teófilo Stevenson àti Félix Savón, ọmọ Kúbà méjèèjì, gba wúrà Òlíńpíìkì mẹ́ta mẹ́ta. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Níbi tí owó kò sí, ẹ̀ṣẹ́ ọmọ lè gbé gbogbo ilé ga. Ṣùgbọ́n ta ni Joshua kọ́kọ́ bá pàdé ní 2012? Erislandy Savón, mọ̀lẹ́bí Félix yẹn gan-an. Joshua gba 17, Savón gba 16. Bẹ́ẹ̀ ọdún 2007 ni Joshua ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo sọ èyí fún ọmọ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, àmì kan ṣoṣo péré ló fi borí." N kò rí èsì fọ̀.

Ní 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà jọ kéde pé àwọn kò fara mọ́ kí ọmọdé máa kan ẹ̀ṣẹ́. Ìdí wọn yé mi. Nínú bọ́ọ̀lù, bí ọmọ bá fi orí gbọgbẹ́, èèṣì ni. Nínú ẹ̀ṣẹ́, orí gan-an ni wọ́n ń wá. Àṣíborí tí wọ́n ń dé lè má jẹ́ kí ojú bẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ ṣì ń mì nínú agbárí bí omi inú àgbọn.

Mo lọ bá kóòṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kí i dáadáa, nítorí n kò bá a jà. Mo ní ọmọ mi kò ní lọ sí ìdíje yẹn, kò ní fi ebi dín ìwọ̀n kù, ọjọ́ Ìsinmi ti ìjọ ni, àti pé títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àpò ni kó máa kàn, kí ẹnikẹ́ni má kan orí rẹ̀. Kóòṣì ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Bàbá rẹ̀ fi ẹnu gbà, ojú rẹ̀ kò gbà. Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, ebi ló mú un lanu. Ó ṣì ń lọ lálẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti fi bírò kọ ọjọ́ tí yóò pé ọdún mẹ́rìndínlógún sára ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà kí n lè rí i.