Aláǹtakùn Ò Jẹ̀bi: Èmi Ni Mo Ṣìwà Hù

 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹ̀yin ìyá mi lọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Aránṣọ ni mí ní Ararọ̀mí-Òwu níbí. Nígbà òjò tó kọjá, a tan iná fi òru méjì rán aṣọ ìnáwó kan. Nígbà tó yá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wọlé láàárọ̀, ọrùn rẹ̀ ti bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Gbogbo wa pariwo pé, "Aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára!" Ṣebí a ń rí i lójoojúmọ́ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, èyí tó máa ń fò yẹn.

Ni mo bá ra òtapíàpíà, mo fọ́n ọn káàkiri, mo ti ìlẹ̀kùn pa. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mi kan pọn ọmọ wá gba aṣọ. Kó tó wọn búbà tán, ọmọ ti ń wúkọ́, ó ń bì. A sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run yọ mí, ọmọ yè. Àmọ́ títí dòní, bí mo bá rí ìyá rẹ̀, ojú ń tì mí.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló wo ọrùn ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní, "Màmá, aláǹtakùn kọ́ o." Ó ní kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó pupa tó sì dúdú, tó ń tẹ̀lé iná wọlé lálẹ́. Paederus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í jẹni, kì í tani. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa sára ni omi inú rẹ̀ ń bó awọ. Ó sì lè di ọjọ́ kejì kí egbò tó yọ, ìyẹn ni a kì í fi í mọ ọ̀daràn. Bó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀.

Mo wá ní kí n mọ ẹni tí mo fẹ́ pa. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: bíi sẹ̀ǹtímítà kan ni. Ojú mẹ́jọ ló ní, méjì iwájú tóbi bí iná mọ́tò. Ọ̀kan dúdú, ó ní ìlà funfun láàárín ẹ̀yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì rí bí eruku, ìlà tirẹ̀ ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní oríṣi méjì ni. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín: "Màámi, akọ àti abo ni." Ó ní ó jọ Plexippus paykulli, tí wọ́n ti sọ lórúkọ láti ọdún 1826, látinú èyí tí wọ́n rí ní Íjíbítì. Ó ti bá èèyàn rìn dé erékùṣù Hawaii pàápàá. Kì í ta àwọ̀n láti fi mú ẹran. Ńṣe ló ń yọ́ rìn bí ológbò, á so fọ́nrán òwú mọ́ ògiri, á wá fò mọ́ eṣinṣin tàbí ẹ̀fọn.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi ní "ó jọ". Ó ní àwọ̀ nìkan ò tó. Nígbà tí Wanda Wesołowska, ará Poland, àti Anthony Russell-Smith kọ̀wé lórí àwọn aláǹtakùn tó ń fò ní gúúsù Nàìjíríà lọ́dún 2011, ẹ̀yà ara tí akọ àti abo fi ń gun ara wọn ni wọ́n wò, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí wọ́n tó dárúkọ èyíkéyìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun eèrà. Èmi ò fara balẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ ọlọ́mọ torí ẹ̀ṣẹ̀ tí aláǹtakùn ò dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tan iná ṣiṣẹ́ lóru, kí ẹ tó fọ́n oògùn, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọ̀daràn gan-an.

Ó ti padà sára ògiri mi báyìí. Mo fi í sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Ararọ̀mí-Òwu.