Gbàgede Ti Ṣí, Ta Ló Nilẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mi-ò-jẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu ẹlòmíràn ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ tiwa fún aráyé. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tàbí ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ rédíò, òun ló ń pinnu ohun tí etí yóò gbọ́. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè di oníròyìn, ó lè di òṣèré, ó lè di olùkọ́. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rò: ta ló ni gbàgede tí gbogbo wa ń jó nínú rẹ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ní 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Èdè wa ni ìwé náà fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ míṣọ́nnárì ni ẹ̀rọ wà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde ní 1867, ìwé ìròyìn náà dópin. Ní 1959 ni tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló wà nídìí rẹ̀. Títí di 1992 tí ìjọba ológun ṣe òfin tuntun, kò sí aládàáni kan ní Nàìjíríà tó lè dá rédíò tàbí tẹlifíṣàn tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìròyìn tí kò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ pàápàá kò rọrùn: Alàgbà Àlàó Adédayọ̀ bẹ̀rẹ̀ Aláròyé ní 1985, kò dúró, 1996 ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Níbí ńkọ́? Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ dé Springdale àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, bí Landover, Lanham àti Largo, kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò tí èrò ilé bá gbé wá ni a fi ń gbọ́ ohùn ilé. Òótọ́ ni pé òfin kébù tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe ní 1984 fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láǹfààní láti ní kí iléeṣẹ́ kébù ya ìkànnì sọ́tọ̀ fún ará ìlú. Prince George's Community Television wà ní Largo, iṣẹ́ rere sì ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò sórí kébù láyé ìgbà náà ní láti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà, kí ó dúró de àkókò tirẹ̀, kìkì àwọn tó ń san owó kébù lágbègbè yìí ni yóò sì rí i. Ìyá tó wà ní Ìkirè kò lè rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún 2005 ni nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún náà, Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn tó dá YouTube sílẹ̀, gbé fídíò àkọ́kọ́ síbẹ̀. Iwájú àwọn erin ní ọgbà ẹranko San Diego ló dúró sí, ìṣẹ́jú-àáyá 19 péré ni fídíò náà. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ olóòtú kankan. Ẹ wo Maryam Apaokagi tí aráyé mọ̀ sí Taaooma: òun kan náà ló ń ṣe ìyá, tó ń ṣe ọmọ, tó tún ń ṣe bàbá nínú àwọn eré kéékèèké rẹ̀. Ìfọ́tí tí a jẹ lọ́wọ́ ìyá wa nígbà èwe ló sọ di ẹ̀rín. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí iléèwé girama Charles H. Flowers ní Springdale yìí, tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa, ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń wá bi wá léèrè ìtumọ̀. Ẹ wo Kọ́lá Túbọ̀sún náà pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tó gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá mọ orúkọ tí kò sí níbẹ̀ lè fi ránṣẹ́.

Ọdún 2020 ni a mọ iyì rẹ̀ jù. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Nàìjíríà ti ojú òfuurufú rẹ̀ pa fún àwọn èrò òkè òkun nítorí àrùn Kòrónà. Òbí ń kú nílé, ọmọ kò lè lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Springdale, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sin bàbá rẹ̀ lójú fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wọn, tí kò kọ́ iṣẹ́ ìròyìn níbì kankan, ló di fóònù mú níbẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà kan síwájú, tí àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá náà, a gbọ́ ọ yékéyéké. Kò sí ẹni tí kò sunkún nínú àwa tí a ń wò ó lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, ọmọ olóògbé fẹ́ kí àwọn ọmọ tirẹ̀ gbọ́ oríkì náà. Ó wá ojú-ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn títí, kò rí i. Iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì ti tì í pa láì sọ ìdí, kò sì sí ẹni tí a lè ké sí. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn.

Ọ̀ràn yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní 2019, MySpace kéde pé àwọn orin tí àwọn ènìyàn gbé sórí rẹ̀ ṣáájú 2016 ti ṣòfò nígbà tí wọ́n ń kó wọn láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de Twitter, oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí pàápàá, TikTok dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2025 nítorí òfin, kó tó padà ní ọjọ́ kejì.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi gbàgede náà sílẹ̀ o. Ohun tí a ń sọ ni pé ayálégbé ni wá níbẹ̀, ìpolówó ọjà tí wọ́n ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ wa sì ni owó ilé tí à ń san. Ayálégbé tó gbọ́n kì í kó gbogbo ogún ìdílé rẹ̀ sínú ilé onílé. Ohun tó jẹ́ kí á ṣì rí Ìwé Ìròhìn kà lónìí ni pé àwọn kan tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ìkàwé lẹ́yìn tí Townsend ti lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Kí ọ̀kan wà lórí ìkànnì fún aráyé, kí ọ̀kan wà nínú àpótí wa nílé, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Nàìjíríà tọ́jú ẹ̀kẹta. Kí á gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí á sì kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ sí i lára. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tó mọ oríkì ìdílé, kó má ṣe dúró de ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ pè wọ́n ní Sátidé yìí.