Kí Wọ́n Tó Wó Ilé

Bí wọ́n bá wó ilé mọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú lórí l'Ékòó, àwa tá a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tó kàn. A ó gbá yàrá ẹ̀yìn, a ó wá mátíráàsì, ẹnì kan á gbé gàrí wá, ẹlòmíì á lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ọmọ. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ti dáwó. Mi ò bú àánú yìí, mo ti jẹ nínú ẹ̀ rí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìgbà tí katapílà bá ti ṣe tiẹ̀ tán ló máa ń dé.

Àbúrò mi obìnrin kan ń bá àwọn tó ń gbè lẹ́yìn àwọn ará etí omi l'Ékòó ṣiṣẹ́, láìgba owó oṣù. Nígbà tó wálé fún Iléyá, ìwé kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè. Ìlà kan, ilé kan: orúkọ ẹni tó ni ín, iye èèyàn tó ń sùn níbẹ̀, ọdún tí wọ́n débẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, pákó ni àbí búlọ́ọ̀kù. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ tẹ àtàǹpàkò síbẹ̀. Epo ẹja ti ta sí ojú ewé kan, òórùn ẹ̀ ò tíì lọ.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, tá a bá dé kóòtù, ìjọba á ní kò séèyàn níbẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Otodo-Gbame ló kọ́ wọn. Àdúgbò apẹja ni, létí ọ̀sà lápá Lẹ́kkí, àwọn Ègùn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé ìjọba máa wó àwọn ilé etí omi. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ilé ẹjọ́ gíga ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, iná sọ, katapílà wọlé lóru, àwọn tó ń sá kó sínú omi, àwọn kan ò sì jáde mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2017, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo sọ pé ìwà ìkà tó ń tàbùkù ọmọ ènìyàn ni, ó ní kí tọ̀tún tòsì lọ jókòó sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n wà tí wọ́n tún fi wó ilé ní oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, ọlọ́pàá yin tajútajú àti ìbọn, wọ́n lé gbogbo ìyókù lọ. Àwọn Amnesty International ní àwọn tó di aláìnílé lé ní 30,000. Ní oṣù kẹfà, kóòtù tún dá wọn láre, ó ní kí ìjọba wá ibi tí wọ́n máa gbé fún wọn. Ọdún ti gorí ọdún lórí ìdájọ́ yẹn.

Àwọn lọ́yà Justice & Empowerment Initiatives ló dúró tì wọ́n, àwọn àti ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Slum/Informal Settlement Federation. Ẹgbẹ́ yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Ará ibi tí wọn ò tíì wó ló ń lọ ka ilé níbi tí wọ́n fẹ́ wó. Wọ́n ń dá àjọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán àdúgbò, wọ́n sì ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gba ẹni tí ọlọ́pàá mú sílẹ̀.

Mo sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìta-Ọ̀sù, ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Ṣé wọn ò nílé ni? Kí wọ́n padà sí Àgbádárìgì." Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú nìyẹn. Àwa la máa ń kọ́lé sílé kó tó di pé a rówó ra ilẹ̀ níbi tá a ti ń ṣiṣẹ́, ká tiẹ̀ máa sùn sínú ilé tá a kọ́ sílé yẹn lọ́dọọdún nígbà Iléyá nìkan. Ẹni tí ilé ń dúró dè kì í tètè gbà pé ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń wó yẹn nìkan ló ní, tí bàbá bàbá rẹ̀ sì sùn sí.

Kódà ẹni tó nílé náà ń pàdánù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tá à ń pè ní Ìyá Èkó, ń ta abọ́ tánganran nítòsí Ìdúmọ̀tà nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1955, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n fún un nílé níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ni kò bá a sọdá afárá.

Àwọn Navajo, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ní Arizona, mọ irú èyí. Ní ọdún 1974, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó pín ilẹ̀ tí àwọn àti àwọn Hopi, aládùúgbò wọn, jọ ń lò, ó sì lé ní 10,000 Navajo tó pọn dandan fún láti kó kúrò. Àwọn àgbàlagbà kan lágbègbè Big Mountain, tí ìyá pọ̀ nínú wọn, ní àwọn ò lọ. Ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé tuntun, ó sì ń kó ẹran ọ̀sìn wọn. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n bá wọn da àgùntàn, wọ́n lagi, wọ́n pọnmi. Ta ló máa ka àgùntàn dídà sí ìjà? Ṣùgbọ́n arúgbó tí kò rígi dáná nígbà òtútù, ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa fi di ẹrù ẹ̀, ọlọ́pàá ò ní ṣe wàhálà kankan.

Àbúrò mi bẹ̀ mí pé kí n bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Kò tọrọ owó. Ó ní bí ẹjọ́ àdúgbò míì bá dé kóòtù, kí àwọn bíi méjì tó ti fẹ̀yìn tì wọ agbádá wá jókòó sẹ́yìn, kí adájọ́ rí i pé kì í ṣe apẹja nìkan ló ń wòran. Mo sọ ọ́. Ẹnì kan béèrè bóyá Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀. Òmíràn ní ká fi ìrẹsì ránṣẹ́, ó sì kówó kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kì í ṣe ahun. Bàbá kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí gba nọ́ńbà àbúrò mi. Ìyókù ní ká gbé e sí ìpàdé tó ń bọ̀, tá a bá ti yanjú ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún Ojúde Ọba tán.