Kí A Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀ Ná

Bíbélì kíkà: Jòhánù 7:45-52

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa tí ẹ wà lájò, mo kí yín láti Sabon Gari, Kánò.

Nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn obìnrin wa níbí, ìbéèrè kan kì í tán: ṣé ó tọ́ kí Kristẹni tó jẹ́ agbẹjọ́rò gba ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ńlá kàn? Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ló ń gbè lẹ́yìn?

Ìlú yìí gan-an ni mo ti rí ìdáhùn. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, ilé ẹjọ́ Ṣàríà kan ní Kánò dájọ́ ikú fún Yahaya Sharif-Aminu, ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí tó ń kọrin, pé orin tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbùkù Ànábì. Àwọn tínú ń bí ti dáná sun ilé ẹbí rẹ̀ ṣáájú. Kò ní agbẹjọ́rò.

Lọ́yà Kola Alapinni bá a gbé ẹjọ́ náà lọ sókè. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tó fi ṣe kòńgẹ́ ẹjọ́ ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 13 kan, tí ilé ẹjọ́ kan náà rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ níbi tó ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn. Òun náà kò ní agbẹnusọ. Ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Kánò tú ọmọ náà sílẹ̀, ó sì fagi lé ìdájọ́ ikú Yahaya, pé kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́. Wọ́n ti gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ báyìí.

Agbẹjọ́rò kò ní láti fọwọ́ sí orin kan kó tó béèrè bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu olórin. Ohun tí Nikodémù ṣe nìyẹn. Kò tíì dìde sọ pé Jésù ni Mèsáyà. Ó kàn bi ìgbìmọ̀ léèrè bóyá òfin wọn ń dẹ́bi fúnni láìgbọ́ tẹnu ẹni. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn bàbá wa náà ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní sẹ́mínárì, a kọ́ pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Bíbélì wa pè ní alágbàwí nínú Jòhánù Kìíní 2:1 túmọ̀ sí ẹni tí a pè wá dúró tì wá. Àwa tí a jẹ̀bi ni Ó dúró tì. Báwo la ṣe máa wá sọ pé ẹni tí a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ń dúró tini?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú onílùú mọ bó ṣe ń dunni tí wọ́n bá fura síni kí a tó lanu. Bí wọ́n bá mú orúkọ ẹnìkan wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ìbéèrè Nikodémù.

Olúwa, Alágbàwí wa, fún wa ní ìgboyà láti dúró ti ẹni tí kò lẹ́nìkan. Àmín.