Yíyan Orí fún Ìbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń mọlé nìkan. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ohun kan tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàn kí á tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ṣi ohun náà yàn, kò sí ọ̀ṣọ́ tí a lè fi bò ó mọ́lẹ̀ tí àṣírí rẹ̀ kò ní í tú lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ yìí dé bá ọdẹ kan ní ìpínlẹ̀ Montana ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìbọn tuntun.

Káfíńtà ni ọdẹ náà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Lọ́dọọdún, nígbà tí ewé igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, a máa gun àwọn òkè Rocky lọ láti ṣọdẹ elk, ẹranko oníwo tí ó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ìsọ̀ ni ó ti ra ìbọn tí ó ń lò. Ó wúwo, igi ìdí rẹ̀ kò sì bá èjìká rẹ̀ mu. Ó wá pinnu láti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń ṣe ní ilẹ̀ náà. Wọn kì í rọ gbogbo ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbọn kan tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò mú. Wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò dá irin agbedeméjì rẹ̀ sí, wọn yóò sì pààrọ̀ èyí tí ó kù títí yóò fi di ìbọn àkànṣe tí ó bá ara ẹni tí ó ni ín mu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó dojú kọ ọ́: ìbọn wo ni kí ó fi ṣe ìpìlẹ̀?

Gbogbo ẹbí rẹ̀ rò pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ní igun yàrá bàbá rẹ̀ ni ìbọn Mauser kan wà, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀, ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, gbé bọ̀ láti Jámánì ní ọdún 1945, nígbà tí ogun parí níbẹ̀. Bàbá àgbà náà kò sọ̀rọ̀ ogun fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Ìbọn yìí nìkan ni ó fi sílẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó yìn ín. Àwọn ẹbí ní ọ̀fẹ́ ni. Kí ni ó tún ń wá kiri?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni, ó yẹ kí á mọ bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, láti ẹnu ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i. Ti Mauser kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni kátíríìjì ti ń wọ inú rẹ̀, irin roboto kan tí wọ́n ń pè ní bóòtù ni ó sì ń tì í wọlé. Bí a bá tẹ apá bóòtù náà wálẹ̀, etí méjì tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò bọ́ sínú àyè tí a gbẹ́ dè wọ́n, yóò sì há pinpin bí ọ̀pá ìdábùú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Irin tí ó gba bóòtù sínú, tí a sì de ọ̀pá ìbọn mọ́ níwájú, ni a ó máa pè ní ilé bóòtù. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ilé yìí ni agbára rẹ̀ ń lù, ojú ẹni tí ó yìnbọn kò sì jìnnà sí i rárá.

Ilé bóòtù ni orí ìbọn. Bí ọ̀pá bá jẹ, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí igi ìdí bá fọ́, a ó gbẹ́ òmíràn. Irin tí ìka ń fà àti awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, gbogbo wọn ni ó ṣe é pààrọ̀. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá mọ èyí, nítorí lábẹ́ òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1968, ilé bóòtù ni òfin kà sí ìbọn, òun sì ni ó ń ru nọ́ńbà. Gígùn rẹ̀ kò sì ṣe é yí padà. Èèpo kátíríìjì .30-06, tí ó jáde ní ọdún 1906, gùn tó mìlímítà 63, ti.308, tí ó jáde ní ọdún 1952, kò ju 51 lọ. Ilé tí a kọ́ fún èyí tí ó kúrú kò lè gba èyí tí ó gùn, bí ó ti wù kí ọ̀pá tí a dè mọ́ ọn dára tó.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Àjàlá Alámọ̀ yóò rántí rẹ̀ níhìn-ín. Ifá fi yé wa pé ilé Àjàlá ni ènìyàn ti ń yan orí kí ó tó wá sáyé, pé àwọn orí tí iná kò mú dáadáa wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti sán náà sì wà, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Oríṣẹ̀ẹ́kù àti Orílèémèrè mú èyí tí ó wù wọ́n, òjò sì pa á lọ́nà títí ó fi jẹ dànù. Afùwàpẹ́ nìkan ni ó rí ẹni tí ó bá a yan orí tí ó le.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1903, ìjọba ilẹ̀ náà gba ìbọn Springfield fún àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Ìbọn náà jọ ti Mauser tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi san owó fún ilé-iṣẹ́ Mauser nítorí ọgbọ́n rẹ̀ tí wọ́n lò. Ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń rọ wọ́n, ojú ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo àwọ̀ irin láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn gidigidi, irin tí ó ti gbóná kọjá ààlà a máa dà bí èyí tí kò tí ì gbóná tó. Báyìí ni wọ́n ṣe sun àwọn kan lásunjù. Irin wọn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ bí ìkòkò. Ní ọdún 1917, díẹ̀ nínú wọn fọ́ mọ́ àwọn tí ń yìn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ tí ń wọn ooru rọ́pò ojú, tí wọ́n sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi iná mú irin le padà. Títí di òní, alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó bá gbọ́n kì í fẹ́ fi Springfield láti ilé-iṣẹ́ náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000, ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó jóná. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ èyí tí ó jóná.

Nítorí náà, ọdẹ wa kò kánjú. Ó gbé irú ìbọn mẹ́ta yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni Mauser fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Paul Mauser ará Oberndorf, tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì gbà ní ọdún 1898. Bóòtù rẹ̀ ní etí kẹta lẹ́yìn, bí méjì tí ó wà níwájú bá já a kulẹ̀. Ó ní ihò tí iná lè gbà jáde bí èèpo kátíríìjì bá bẹ́, kí ó má bàa ta sí ojú ọdẹ. Èékánná irin gígùn kan tún wà lára rẹ̀ tí ń di kátíríìjì mú láti ìgbà tí ó bá ti kúrò nínú àpò ìbọn títí èèpo rẹ̀ yóò fi bọ́ síta. Ní orí òkè tí béárì ń gbé, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Èkejì ni Winchester 70, tí ó jáde ní ọdún 1936 pẹ̀lú irú èékánná bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ́ kúrò láti dín owó iṣẹ́ kù; inú àwọn ọdẹ kò dùn, èyí tí a ṣe ṣáájú ọdún náà sì di ọ̀wọ́n lọ́jà. Ẹ̀kẹta ni Remington 700, ti ọdún 1962. Èyí kò ní èékánná gígùn, ṣùgbọ́n ilé bóòtù rẹ̀ rí roboto bí páìpù, ó rọrùn láti tún ṣe lórí ẹ̀rọ tí ń yí irin, ẹ̀yà tí a lè fi pààrọ̀ tirẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Òun ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ṣe ìpìlẹ̀ ìbọn M40 ní ọdún 1966, àti M24 ní ọdún 1988.

Ọkàn ọdẹ náà fà sí Mauser. Ó gbé ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àgbà alágbẹ̀dẹ ìbọn kan. Àgbà náà tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń ka nọ́ńbà ara rẹ̀ lábẹ́ iná: ti bóòtù, ti ilé bóòtù, ti ọ̀pá. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó béèrè ìwé rẹ̀. Ọdẹ náà mú ìwé pélébé kan jáde, tí ọ̀gá ológun kan fi ọwọ́ sí láti fún bàbá àgbà náà láàyè kí ó gbé ìbọn náà lọ sílé. Alágbẹ̀dẹ dákẹ́.

“Bàbá, ṣé kò dára ni?”

“Ó dára. Ohun tí ó ń já mi láyà gan-an nìyẹn. Bí o bá ní kí n lu ihò awò sí i lórí, n ó lù ú. Bí o bá ní kí n gé ọ̀pá rẹ̀, n ó gé e. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀ padà.”

“Mo rò pé bí mo bá ń gbé e lọ sóko ọdẹ, ìyẹn ni yóò jẹ́ ìrántí wọn. Kí ni àǹfààní ohun tí a gbé sí igun ilé?”

“Irin wọn ni o ó máa gbé kiri. Ìrántí wọn wà lára ohun tí o fẹ́ kí n gé dànù.”

Ọdẹ náà kò fèsì. Àgbà náà dìde, ó sì mú ìbọn mìíràn láti orí pẹpẹ. Mauser ni èyí náà. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ irú wọn ni wọ́n tà ní owó pọ́ọ́kú, àwọn ọdẹ sì gé wọn bí ó ti wù wọ́n, nítorí wọ́n rò pé wọn kò ní í tán láé. Ẹnì kan ti gé igi èyí, ó ti lu ihò sí i, ọ̀pá rẹ̀ sì ti dípẹtà. Àgbà náà ní, “Èyí ni kí o mú. Kò sí ìtàn tí a ó bàjẹ́ lára rẹ̀ mọ́.”

Síbẹ̀, kò fi ojú lásán gbà á. Ó fi ẹ̀rọ wọn líle irin rẹ̀, ó sì yẹ ibi tí etí bóòtù ń fara tì wò bóyá ó ti tẹ̀ wọnú. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ó tó de ọ̀pá .30-06 tuntun mọ́ ọn, nítorí ìdí kátíríìjì náà àti ti Mauser àtijọ́ kò yàtọ̀ ní fífẹ̀, nǹkan bí mìlímítà 12 ni àwọn méjèèjì. Ó wọn àyè tí kátíríìjì yóò jókòó sí kí ẹnikẹ́ni tó yìn ín. Igi ìdí ìbọn náà, ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Káfíńtà kúkú ni.

Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ìbọn àkànṣe náà bá a gun òkè, ó sì bá èjìká rẹ̀ mu. Èyí tí bàbá àgbà gbé bọ̀ wà ní igun rẹ̀, wọ́n ti fi òróró pa á, ìwé rẹ̀ sì wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kékeré bi í léèrè ìdí tí kò fi lo èyí tí ó wà nílé, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa bàbá ńlá rẹ̀. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.