Ohun Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ilé wa ní Ṣáṣá ò jìnnà sí ọjà tòmátì. Láàárọ̀ kùtù, ariwo tírélà tó ń já ẹrù láti Òkè Ọya ló máa ń jí wa, àwọn alábàárù á máa pariwo "àgò o, àgò!" Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Haúsá. Bàbá rẹ̀ ń ta àlùbọ́sà, màmá mi sì jẹ́ oníbàárà wọn. Ó gbọ́ Yorùbá Ìbàdàn dénú, pàápàá èébú.

Ní yunifásítì, nígbà tó yẹ kí n máa ka ìwé kọ̀ǹpútà, mo ka The Outsiders. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni S. E. Hinton nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Tulsa, ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà jáde ní 1967. Ẹgbẹ́ ọmọ tálákà tí wọ́n ń pè ní Greasers àti ẹgbẹ́ ọmọ olówó ló ń bára wọn jà níbẹ̀. Ponyboy, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń sọ ìtàn náà. Lóru ọjọ́ kan, àwọn ọmọ olówó ń tẹ orí rẹ̀ bọ omi, ni Johnny ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi ọ̀bẹ gún ọ̀kan nínú wọn pa. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò gbàgbé ni pé Ponyboy àti Cherry, ọmọ olówó, wá rí i pé oòrùn kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń wò tó bá ń wọ̀.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní California àti òṣìṣẹ́ láíbìrì wọn ló kọ̀wé sí Francis Ford Coppola pé kó fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ó ṣe é, ó jáde ní 1983. Ṣùgbọ́n wọ́n gé e kúrú: ìran tí Ponyboy àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru wà lára ohun tó lọ. Ní 2005 ni Coppola dá a padà. Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún! Nídìí iṣẹ́ sọ́fúwíà tí mò ń ṣe, ta ló máa ń padà síbi iṣẹ́ tó ti tà? (Wọ́n tún ti sọ ọ́ di eré olórin, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Tony ní 2024.)

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà wa. Aáwọ̀ èèyàn díẹ̀ ló di ti Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná, ìjọba sì ti ọjà pa. Èkó ni mo wà. Ẹnì kan fi fídíò iná ránṣẹ́ sí mi, mi ò bi í léèrè ibi tó ti rí i. Inú ń bí mi, mo gbé e sórí status WhatsApp mi, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò lè tún sọ níbí. Nígbà tó yá, mo wo àwọn tó ti wò ó. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀.

Mo pa á rẹ́ kíá. Mo pè é, fóònù ń dún, kò gbé e.

Ọdún tó kọjá, mo bá màmá mi lọ sọ́jà. Òun ló wà nídìí àlùbọ́sà bàbá rẹ̀, ó ti sanra. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Ó fi orúkọ ìnagijẹ mi àtijọ́ pè mí, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ kó àlùbọ́sà kún èyí tí a rà, ó ní ti Màmá ni. A dúró pẹ́ díẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó dárúkọ fídíò yẹn.